WebSocket ni àbí middleware? Ìdáhùn fún ilé iṣẹ́ kan tó ń pín oògùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé iṣẹ́ tó ń pín oògùn fún àwọn ilé ìwòsàn àti ṣọ́ọ̀bù oògùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èkó ni ọ́fíìsì wa àgbà wà, a sì ní ilé ìkójàsí ní Ìbàdàn, Àkúrẹ́ àti Ìlọrin. Sọ́fíwíà tá a fi ń tajà yàtọ̀ sí èyí tí àwọn oníṣirò owó ń lò, ti ilé ìkójàsí náà tún dá yàtọ̀. Ọ̀gá wa fẹ́ máa rí i lójú ẹsẹ̀ bí oògùn bá ti ń jáde níbikíbi. Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnjiníà wa ní WebSocket ló máa ṣe é, pé kò ní ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Àwọn kan tó wá tajà fún wa ní middleware ńlá la nílò, owó tí wọ́n sì pè kì í ṣe kékeré. Èwo ni ká mú?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì ṣeun tó jẹ́ pé ẹ béèrè kí owó tó jáde. Ẹnjiníà yín kò parọ́, àwọn tó wá tajà fún yín náà kò parọ́. Iṣẹ́ méjì ló wà nínú ohun tí ọ̀gá yín ń fẹ́, oníkálukú wọn sì di ẹyọ kan mú. Iṣẹ́ kìíní ni kí ojú ènìyàn máa rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ kejì ni kí sọ́fíwíà kan fi iṣẹ́ lé sọ́fíwíà mìíràn lọ́wọ́, kí iṣẹ́ náà má sì sọnù títí tó fi máa parí. WebSocket, ìyẹn okùn tó wà ní ṣíṣí láàárín browser àti kọ̀ǹpútà tó ń fún un ní ìròyìn (sáfà), mọ iṣẹ́ kìíní ṣe dáadáa. Iṣẹ́ kejì ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe middleware, ìyẹn sọ́fíwíà tó ń jókòó láàárín àwọn sọ́fíwíà mìíràn láti gbé ìhìn wọn. Wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi tá a bá ti gbé iṣẹ́ ọ̀kan fún èkejì.

Ìbéèrè kan ni mo máa ń fi yà wọ́n sọ́tọ̀, òun náà ni mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ sí ìpàdé: bí ẹni tá a fi ìhìn ránṣẹ́ sí kò bá sí níbẹ̀ lásìkò náà, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kò séwu, tó bá dé á wo èyí tó wà nílẹ̀ báyìí, WebSocket tó. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé owó máa sọnù, tàbí pé oògùn ò ní dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, ẹ má fi WebSocket nìkan ṣe é, bó ti wù kó yá tó.

Ìpè fóònù ni WebSocket. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ lẹ́yìn tó já, afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ. Queue, ìyẹn ìlà tí ìhìn ti ń dúró nínú middleware, ní tiẹ̀ dà bí ẹrù tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ní gáréèjì pẹ̀lú wéébíìlì. Ẹni tó ni ín lè má tíì jí, ẹrù wà nílẹ̀ dè é, wọn ò sì ní fagi lé e nínú ìwé àfi ìgbà tó bá buwọ́ lù ú pé òun ti gbà á.

Ẹ jẹ́ ká wo WebSocket fúnra rẹ̀ dáadáa, torí òun ni ẹnjiníà yín fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. RFC 6455, ìwé òfin íntánẹ́ẹ̀tì kan tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, ló ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Lórí HTTP lásán, ìyẹn ọ̀nà tí browser àti sáfà sábà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, bí browser bá fẹ́ mọ ohun tó yí padà, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa pààrà sáfà: ṣé ó ti dé, ṣé ó ti dé? Pẹ̀lú WebSocket, browser á béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Á kọ Upgrade: websocket sínú ìbéèrè HTTP rẹ̀, á fi kọ́kọ́rọ́ kan tó ń jẹ́ Sec-WebSocket-Key sí i, sáfà á sì fi nọ́ńbà 101 dá a lóhùn. Láti ìgbà náà lọ, okùn TCP kan náà (TCP ni ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà láàárín kọ̀ǹpútà méjì) wà ní ṣíṣí láàárín wọn, ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì sì lè sọ̀rọ̀ nígbà tó bá wù ú. Ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú ìhìn kékeré kan láti ọ̀dọ̀ sáfà kò ju báìtì 2 lọ. Ìdí nìyẹn tó fi yá, tó sì fi dára fún àwòrán tó ń yí padà léraléra lójú ènìyàn.

Àárín ọ̀nà ni ẹnjiníà yín máa ti rí ìjàngbọ̀n. Bí ẹ bá gbé nginx, sọ́fíwíà tó ń gba ìbéèrè kó tó dé sáfà, síwájú sáfà yín, bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹ ti sọ fún un kó gbé ọ̀rọ̀ Upgrade yẹn kọjá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ okùn ò ní ṣí rárá. Tó bá wá ṣí, nginx ní iye ìgbà tó ń dúró de ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ sáfà. Bí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án, ìṣẹ́jú àáyá 60 ni. Bí ọjà ò bá tà fún ìṣẹ́jú kan gbáko, nginx á gé okùn náà, ojú kọ̀ǹpútà ọ̀gá á sì dúró síbi tó wà. Ó lè máa wò ó pé insulin ṣì kù nílẹ̀ ní Ìlọrin nígbà tó ti tán láti àárọ̀. Ẹ ní kí ojú ewé náà máa fi ping, ìhìn kékeré tó ń béèrè pé ṣé o ṣì wà, ránṣẹ́ sí sáfà ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 30, kó sì jẹ́ pé bí pong, ìdáhùn rẹ̀, ò bá padà wá, ojú kọ̀ǹpútà á kọ ọ́ gàdàgbà pé òun ò rí ìròyìn tuntun mọ́, pẹ̀lú aago tí èyí tó kẹ́yìn dé. Ọ̀rọ̀ aago yìí ká mi lára gan-an. Nọ́ńbà tó ti pẹ́, tí kò sì sọ pé òun ti pẹ́, ó burú ju ojú kọ̀ǹpútà òfìfo lọ, torí ènìyàn á fi ṣe ìpinnu.

Èyí tó tún ṣòroó rí ni okùn tó ti kú tí ẹnìkan ò mọ̀ pé ó ti kú. Ká ní iná lọ ní Àkúrẹ́, tí móódẹ́ẹ̀mù kú lójijì. Kò sí ẹni tó sọ fún sáfà yín ní Èkó pé ó dàbọ̀. Lójú sáfà, okùn ṣì wà. TCP ní ọ̀nà tó fi ń yẹ okùn tó dákẹ́ wò, ṣùgbọ́n lórí Linux, bí ẹ bá tilẹ̀ tàn án tẹ́ ẹ ò sì yí iye rẹ̀ padà, wákàtí 2 ló máa dúró kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò. Ní àárín àsìkò yìí, bí kóòdù yín bá kọ ìhìn sínú okùn náà, ẹ̀rọ á ní òun ti gbà á. Ohun tó túmọ̀ sí kò ju pé ìhìn náà ti wọ inú àpò ẹ̀rọ tó wà lọ́dọ̀ yín lọ. Kò túmọ̀ sí pé ó dé Àkúrẹ́. Mo ti rí àwọn ẹnjiníà tó mọṣẹ́ tí wọ́n kọ "a ti fi ránṣẹ́" sínú dátábéèsì nítorí ìdáhùn yẹn, tí wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ wá ibi tí ìhìn wọn ń wọlẹ̀ sí. WebSocket ò ṣèlérí pé òun á tọ́jú ìhìn de ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá fẹ́ ìlérí yẹn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kọ ọ́: nọ́ńbà fún ìhìn kọ̀ọ̀kan, ìwé tẹ́ ẹ máa kọ àwọn tí ò tíì dáhùn sí, àtúnfiránṣẹ́, ìtòlẹ́sẹẹsẹ. Bí ẹ bá kọ gbogbo ìyẹn tán, middleware lẹ kọ, tí ẹnìkan ò sì tíì dán wò.

Nǹkan méjì tó kù lórí WebSocket, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Browser kì í jẹ́ kẹ́ ẹ fi Authorization, ìyẹn ẹ̀rí ẹni tó ń wọlé, sórí ìbéèrè WebSocket, nítorí náà kúkì (àmì tí sáfà fi sọ́dọ̀ browser) ni ọ̀pọ̀ ń gbára lé, browser sì lè fi kúkì ránṣẹ́ kódà bó bá jẹ́ ìkànnì ọ̀tọ̀ ló pe sáfà yín. Ẹ ní kí ẹnjiníà yẹ Origin, ìyẹn ìkànnì tí ìbéèrè ti wá, wò kó tó gba ẹnikẹ́ni wọlé. Èkejì: bí sáfà bá tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, gbogbo kọ̀ǹpútà tó so mọ́ ọn á já, wọ́n á sì jọ sáré padà wá ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún ìgbà tí kò bá ti ẹlòmíràn mu kó tó padà.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ṣé ọ̀gá yín máa ń bá ojú kọ̀ǹpútà náà sọ̀rọ̀ padà ni, àbí ó kàn ń wò ó? Látinú àlàyé yín, ó kàn ń wò ó ni. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìròyìn ń gbà, láti sáfà sí browser. Fún irú èyí, Server-Sent Events rọrùn ju WebSocket lọ. HTTP lásán ni, nítorí náà kò nílò Upgrade kankan. Bí okùn bá já, browser fúnra rẹ̀ á tún un so láìjẹ́ pé ẹ kọ kóòdù fún un, á sì fi Last-Event-ID sọ fún sáfà pé ìhìn tí òun gbà kẹ́yìn nìyí, kí sáfà lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n dé. Kìkì pé lórí HTTP/1.1, ẹ̀dà HTTP àtijọ́, browser kì í ṣí ju okùn 6 lọ sí ìkànnì kan. Bí akọ̀wé bá ṣí ojú ewé náà sí ibi 7, ìkeje á kàn máa yí ni, ẹnìkan ò sì ní mọ ohun tó ń ṣe é. Pẹ̀lú HTTP/2, ẹ̀dà tó tẹ̀ lé e, ìṣòro yẹn kò sí mọ́. Òun ni kẹ́ ẹ lò.

Ẹ má sì fojú kéré kí browser kàn máa béèrè ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí kọ̀ǹpútà 40 bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìbéèrè 4 ni ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Sáfà tí kò lágbára rárá á gbé e láìmí kanlẹ̀. Ẹ bi ọ̀gá léèrè bóyá ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá pẹ́ jù fún un láti mọ̀ pé páálí oògùn ibà kan jáde ní Ìbàdàn. Mo rò pé mo mọ ohun tó máa sọ.

Ó wá ku middleware. Àwọn tó kọ́kọ́ nílò rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ńláńlá tí ẹ̀rọ wọn kò gbọ́ èdè ara wọn. IBM gbé middleware tirẹ̀, MQSeries, jáde ní ọdún 1993, òun ni wọ́n ń pè ní IBM MQ lónìí. Ní báńkì JPMorgan Chase ni iṣẹ́ lórí AMQP, òfin bí ìhìn ṣe ń lọ láàárín sọ́fíwíà, ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003, nítorí pé wọ́n fẹ́ òfin kan tí gbogbo ènìyàn lè lò láìjẹ́ pé ilé iṣẹ́ kan ló ni ín. RabbitMQ, middleware tó ń lo òfin yẹn, tẹ̀ lé e ní ọdún 2007. Kafka jáde láti LinkedIn ní ọdún 2011, ìṣe tirẹ̀ sì yàtọ̀ díẹ̀: kì í pa ìhìn rẹ́ nígbà tí ẹnìkan bá ti gbà á, ó ń tọ́jú rẹ̀ sínú ìwé gígùn kan fún ọjọ́ 7 bí ẹ ò bá yí i padà, olúkúlùkù sì ń sàmì sí ibi tí òun kà á dé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn pọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni gbogbo wọn wà fún: kí ẹni tó ń fi ránṣẹ́ àti ẹni tó ń gbà á má ṣe ní láti wà láàyè lásìkò kan náà.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ọjà kan. Akọ̀wé ní Àkúrẹ́ ta ìgò insulin 40 fún ilé ìwòsàn kan. Nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e: kí iye tó kù nílẹ̀ dín kù, kí sọ́fíwíà oníṣirò owó kọ gbèsè sí ilé ìwòsàn náà lọ́rùn, kí ojú kọ̀ǹpútà ọ̀gá sì yí padà. Bó bá jẹ́ WebSocket ló gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí sọ́fíwíà oníṣirò sì ń tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn, gbèsè náà ò ní wọ ìwé. Ọjà ti jáde, ọ̀gá ti rí i pé ó jáde, inú rẹ̀ dùn, ẹnìkan ò sì ní béèrè owó lọ́wọ́ ilé ìwòsàn. Òpin oṣù ni wọ́n tó máa mọ̀ pé ìwé méjèèjì ò bára mu, wọ́n á sì kọ́kọ́ fura sí akọ̀wé tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Apá ibí yìí ló ń dùn mí jù nínú irú iṣẹ́ yìí. Sọ́fíwíà ló ṣi iṣẹ́ ṣe, ènìyàn ni wọ́n ń kọ ìwé ìwádìí sí.

Nínú mẹ́ta yẹn, ẹ ríi pé ti ojú kọ̀ǹpútà ọ̀gá nìkan ló lè sọnù láìsí ohun tó bàjẹ́. Bí kò bá rí ti aago mẹ́wàá, á rí ti aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú kan. Àwọn méjì yòókù gbọ́dọ̀ gba inú queue.

Ṣùgbọ́n rírà tàbí gbígbé RabbitMQ kalẹ̀ kò tíì parí ọ̀rọ̀, nítorí kì í tọ́jú nǹkan fún yín àfi tẹ́ ẹ bá sọ fún un. Queue gbọ́dọ̀ jẹ́ durable (kó ṣì wà tí ẹ̀rọ bá tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀), ìhìn fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ persistent (kí wọ́n kọ ọ́ sórí dísìkì), kó má bàa bá iná lọ. Sọ́fíwíà tó ń fi ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró gba confirm, ìyẹn ìjẹ́wọ́ pé ó ti gbà á, lẹ́nu RabbitMQ kó tó gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Èyí tó ń gbà á kò sì gbọ́dọ̀ fi ack, ìyẹn ìbuwọ́lù pé òun ti ṣe é, ránṣẹ́ àfi tó bá ti kọ ọ́ sínú dátábéèsì tirẹ̀ tán. Ẹ mú ẹyọ kan kúrò nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ihò ti wà níbẹ̀. Ẹ sì ya ibì kan sọ́tọ̀ fún ìhìn tí kò ṣeé ṣe, bí èyí tó ní nọ́ńbà oògùn tí sọ́fíwíà oníṣirò ò mọ̀, kí ẹnìkan tó lórúkọ sì máa wò ó ní gbogbo àárọ̀. Bí ò bá sí ẹni tó ń wò ó, ibi ìsìnkú ni.

Nísinsìnyí, sọ́fíwíà oníṣirò gba ìhìn insulin 40, ó kọ gbèsè sínú ìwé, ó fẹ́ fi ack ránṣẹ́, iná lọ. RabbitMQ kò gbọ́ ack. Tí iná bá dé, á tún ìhìn kan náà gbé wá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó ṣe, torí kò sí bó ṣe lè mọ̀. Bí ẹ ò bá ṣètò rẹ̀, gbèsè ìgò 80 ló máa wà lọ́rùn ilé ìwòsàn náà. Nítorí náà, kí ọjà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ láti Àkúrẹ́, kí dátábéèsì oníṣirò sì kọ̀ láti gba nọ́ńbà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin náà ti rí irú rẹ̀ rí. Bí ẹ bá fi owó ránṣẹ́ láti báńkì kan sí òmíràn ní Nàìjíríà nípasẹ̀ NIP, èyí tí NIBSS bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2011, session ID oní-díjíìtì 30 wà lórí rísíìtì yín. Òun ni báńkì ń béèrè tí owó bá há sójú ọ̀nà, òun sì ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó kan náà ni wọ́n ń sọ.

Ihò kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò kíyè sí. Sọ́fíwíà ìtajà kọ ọjà sínú dátábéèsì rẹ̀, lẹ́yìn náà ó fẹ́ fi ìhìn sínú queue. Iná lọ láàárín méjèèjì. Ọjà wà nínú dátábéèsì, queue ò gbọ́ nǹkan kan rí. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní outbox. Nínú transaction kan náà tẹ́ ẹ fi kọ ọjà, ẹ kọ ìhìn rẹ̀ sínú tábìlì kan nínú dátábéèsì kan náà. Yálà méjèèjì wọlé, tàbí kí ìkankan má wọlé. Ètò kékeré kan tó dá dúró á wá máa ka tábìlì yẹn, á máa gbé ìhìn inú rẹ̀ lọ sínú queue, á sì máa sàmì sí èyí tó ti gbé.

Tábìlì yẹn ló tún máa gbà yín lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, jọ bàjẹ́ ní agbègbè Abidjan, tí íntánẹ́ẹ̀tì wá di ọ̀wọ́n fún báńkì àti ilé iṣẹ́ káàkiri ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Bí sáfà tí Àkúrẹ́ ń pè bá wà ní òkè òkun lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ilé ìkójàsí ò ní lè ta ohunkóhun. Bó bá jẹ́ pé dátábéèsì kékeré kan wà ní Àkúrẹ́ gan-an, pẹ̀lú outbox tirẹ̀, akọ̀wé á máa tajà lọ, ìhìn á máa kó jọ, wọ́n á sì ṣàn dé Èkó nígbà tí ọ̀nà bá là. Owó tẹ́ ẹ máa ná lórí kọ̀ǹpútà kékeré mẹ́ta yẹn, àti bátìrì tó máa gbé wọn, èmi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ kúrò.

Nítorí pé oògùn lẹ ń tà, ẹ jẹ́ kí n fi yàrá òtútù yín kún un. Insulin tí wọn ò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius, kò sì gbọ́dọ̀ dì. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn òtútù, irú ìhìn méjì ló máa ń fi ránṣẹ́, wọn ò sì jọra. Ìwọ̀n ti ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan lè sọnù, òmíràn ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ pé yàrá ti kọjá 8, ìyẹn kò gbọ́dọ̀ sọnù, ó sì gbọ́dọ̀ dé fóònù ẹnìkan tó lè ṣí ìlẹ̀kùn yàrá náà. MQTT, òfin kan fún gbígbé ìhìn kékeré láti ara ẹ̀rọ, wà fún irú èyí. Andy Stanford-Clark ti IBM àti Arlen Nipper ló ṣe é ní ọdún 1999 fún òpó epo rọ̀bì tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti wọ́n tó sì ti ń já. Ó jẹ́ kẹ́ ẹ yan ìpele ìdánilójú (QoS) fún ìhìn kọ̀ọ̀kan: QoS 0 fún èyí tó lè sọnù, QoS 1 fún èyí tó gbọ́dọ̀ dé ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ kan náà, okùn kan náà, ìbéèrè tí mo bi yín lókè ló pín wọn sí méjì.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo wà níjòókòó yín, ohun tí màá ṣe nìyí. Màá fi PostgreSQL, dátábéèsì kan, bẹ̀rẹ̀, outbox nínú rẹ̀, kí ètò kékeré kan máa gbé ìhìn láti ilé ìkójàsí lọ sí Èkó nípasẹ̀ HTTPS, kó sì máa tún un gbé títí Èkó á fi jẹ́wọ́ pé òun ti kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ẹ̀dà 9.5 ni PostgreSQL ti ní SKIP LOCKED, tó fi jẹ́ pé òṣìṣẹ́ bíi mélòó kan lè jọ máa mú iṣẹ́ nínú tábìlì kan náà láì gbá ara wọn mú. Fún ilé ìkójàsí mẹ́ta àti sọ́fíwíà mẹ́ta, ó tó, ẹnjiníà yín á sì lè yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú SELECT lásán, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ka dátábéèsì, nígbà tí nǹkan bá dàrú. Ọjọ́ tí sọ́fíwíà kẹrin tàbí ìkarùn-ún bá fẹ́ gbọ́ ìròyìn ọjà kan náà, ẹ gbé RabbitMQ wọlé, outbox yín ti wà nílẹ̀ dè é. Kafka kò kàn yín báyìí. Iṣẹ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ìhìn yín ò sì tíì pọ̀ débi tó fi máa wúlò. Fún ojú kọ̀ǹpútà ọ̀gá, Server-Sent Events, kí ó máa ka nǹkan láti dátábéèsì Èkó. Bí ẹ bá wá ní ojú ewé tí ènìyàn méjì á ti jọ máa ṣiṣẹ́ lórí ọjà kan lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì ń fèsì síra wọn, ẹ lo WebSocket níbẹ̀, láìbẹ̀rù.

Ní ti middleware ńlá tí wọ́n pè yín lówó, kì í ṣe ẹ̀tàn. Báńkì tó ní ẹ̀rọ àtijọ́, tó ń sọ ISO 8583 ní ìhà kan, ISO 20022 ní ìhà kejì (èdè méjì tí ẹ̀rọ báńkì fi ń fi ìhìn owó ránṣẹ́), tó sì ní ogún sọ́fíwíà láàárín, nílò nǹkan tó máa túmọ̀ èdè wọn síra wọn, tó sì máa fi ẹ̀rí gbogbo rẹ̀ pamọ́ fún aṣàyẹ̀wò ìwé. Wọ́n ní ẹ̀ka kan tó ń tọ́jú rẹ̀ tọ̀sán tòru. Ẹ̀yin ní ẹnjiníà kan. Bó bá ṣàìsàn, ta ló máa ṣí nǹkan ńlá yẹn wò? Kẹ́ ẹ béèrè èyí lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ sì béèrè iye tí owó ọdọọdún máa jẹ́ lẹ́yìn ti ọdún àkọ́kọ́.

Ẹ má sì gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ẹnjiníà yín tàbí àwọn àlejò, láìjẹ́ pé wọ́n dán an wò lójú yín. Kí wọ́n ta ọjà kan ní kọ̀ǹpútà tó dúró fún Àkúrẹ́. Bí wọ́n bá ti tẹ bọ́tìnnì tán, ẹ̀yin fúnra yín ẹ yọ okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kí wọ́n tún ta méjì sí i pẹ̀lú okùn ní yíyọ, kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà náà láti ara iná, kí wọ́n tàn án padà, kẹ́ ẹ wá ki okùn bọ̀ ọ́. Ọjà mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé oníṣirò owó, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́rin. Ní gbogbo àsìkò tí okùn fi wà ní yíyọ, ojú kọ̀ǹpútà ọ̀gá gbọ́dọ̀ máa sọ aago tí òun gbọ́ láti Àkúrẹ́ gbẹ̀yìn.